Wọ́n Ra Jimmy Speirs ní £1,400

£1,400 ni ẹgbẹ́ Leeds City kó kalẹ̀ fún Bradford City ní oṣù Kejìlá ọdún 1912 kí Jimmy Speirs tó di tiwọn. Owó gidi ni lásìkò yẹn. Ọdún 1905 ni wọ́n kọ́kọ́ fi £1,000 ra agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alf Common lorúkọ rẹ̀, ariwo sì ta nígbà náà pé irú ìnákúnàá wo nìyí lórí ẹni tó ń gbá awọ kiri pápá. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n san £1,400 lórí ọmọ Glasgow kan tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Gbogbo ìgbà tí ọjà àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ṣí ní Yúróòpù, tí àwa náà ń jiyàn sí i nílé ìwòran bọ́ọ̀lù àti lórí WhatsApp pé eléyìí ti wọ́n jù, pé tọ̀hún kò tó iye tí wọ́n pè é, Speirs ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dénú egungun. Síbẹ̀, ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ló là mí lójú sí i pé ẹni tó ní aya àti ọmọ nílé ni wọ́n ń dá iye lé bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kò sí àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀.

Govan ni wọ́n bí i sí, létí odò Clyde, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1886. Inú Glasgow ni Govan wà lónìí, ṣùgbọ́n ìlú tó dá dúró ni nígbà náà. Ọdún 1912 ni Glasgow tó gbà á mọ́ra. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn níbẹ̀. Òòlù ń dún lórí irin láti àárọ̀, èéfín ń rú bo òrùlé, nígbà tó bá sì di ọ̀sán Sátidé tí wọ́n bá ti jáwọ́ iṣẹ́, pápá bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà lọ tààrà.

Ibrox, pápá ẹgbẹ́ Rangers, kò jìnnà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1902, tí Speirs jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Skọ́tílándì ń bá Ìnglándì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà tí pákó tí àwọn òǹwòran dúró lé já lójijì. Àwọn ènìyàn já wálẹ̀ gba inú ihò náà. Ènìyàn 25 ló kú, àwọn tó fara pa sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Wọ́n ṣì gbá bọ́ọ̀lù náà parí lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣòro fún mi láti ka èyí kí n má mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tó ti gbá fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bíi Maryhill, ọmọ Govan yìí wọ aṣọ Rangers jáde sórí pápá kan náà.

Ó dára níbẹ̀, àmọ́ àsìkò ni kò bá a mu. Celtic ló gba líìgì Skọ́tílándì lọ́dọọdún láti 1905 títí dé 1910, ẹ̀ẹ̀mẹfà léra wọn, kò sì sí ohun tí Rangers lè ṣe sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 1908 wọ́n pe Speirs sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti kojú Wales ní Dundee. Skọ́tílándì borí pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1. Wọn kò pè é mọ́ láé. Ó lo sáà kan ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Clyde, lẹ́yìn náà ó dojú kọ gúúsù.

Ọ̀nà gúúsù yẹn kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Láti 1885 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i pé kí agbábọ́ọ̀lù máa gba owó iṣẹ́. Skọ́tílándì kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di 1893. Kí ọdún mẹ́jọ yẹn tó pé, àwọn ọmọ wọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ti ń ṣàn lọ sí Preston, sí Sunderland, sí Liverpool. Ohun tí wọ́n gbé dání sì níyì. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí bọ́ọ̀lù bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á tẹrí ba, á máa wà á lọ ṣáá títí wọ́n á fi já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Skọ́tílándì á gbójú sókè, á wo ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà, á sì fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń gbá lónìí, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bradford tí Speirs dé sí ní 1909 jẹ́ ìlú irun àgùntàn. Ilé iṣẹ́ tó ń ran òwú irun àgùntàn, tó ń hun ún, tó ń pa á láró ló kún ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò ni, torí pé eré rọ́gíbì làwọn ará ibẹ̀ mọ̀. Manningham, ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan tí owó ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, ló bọ́ ẹ̀wù rọ́gíbì sílẹ̀ ní 1903 tó sì di Bradford City, pẹ̀lú pápá rẹ̀ ní Valley Parade. Ọdún márùn-ún péré ló gbà wọ́n láti dé ìpele àkọ́kọ́ líìgì Ìnglándì. Peter O'Rourke, ọmọ Skọ́tílándì tó ti gbá fún Celtic rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ilé ló sì ti ń ṣa àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Nínú àwọn mọ́kànlá tó kó jáde fún àṣekágbá ife FA ọdún 1911, mẹ́jọ jẹ́ ọmọ Skọ́tílándì. Speirs ni balógun wọn.

Newcastle ni wọ́n fẹ́ kojú, ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní 1905, ní 1907 àti ní 1909, tí ife FA ti ọdún tó ṣáájú sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Crystal Palace ní London, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin. Ọ̀mì ni wọ́n ta, òdo sí òdo. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ìdùnnú nígbà tí mo bá dé ibi ife tí wọ́n ń du. Ife tuntun ni. FA, àjọ bọ́ọ̀lù Ìnglándì, ti fi ti àtijọ́ ta Lord Kinnaird, ààrẹ wọn, lọ́rẹ nítorí pé àwọn kan ní Manchester ti ya àwòrán rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ mìíràn, ni wọ́n bá wá ẹni tó máa rọ òmíràn. Fattorini ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà tó wà ní Bradford! Ìlú tó rọ ife náà ló kọ́kọ́ fẹ́ gbà á.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, wọ́n tún kó lọ sí Old Trafford ní Manchester. Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nígbà náà dáadáa. Awọ tó nípọn ni, tí wọ́n rán pa, tí wọ́n sì fi okùn dí ẹnu ibi tí wọ́n gba fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wúwo. Ẹni tó bá fi orí kàn án, tí okùn yẹn bá bá a níwájú orí, á mọ̀ ọ́n lára. Bàtà wọn ga dé ọrùn ẹsẹ̀, awọ líle pẹ̀lú àwọn kókó kéékèèké tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèṣe, wọn kì í fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ̀yin tó kù lẹ máa parí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bọ́ọ̀lù gòkè wá sí iwájú ilé Newcastle. Speirs fò sókè, ó fi orí kàn án. Kò fi agbára kàn án. Bọ́ọ̀lù náà rọra ń ta kọ́rọ́kọ́rọ́ lọ sí ojú ilé, Frank O'Rourke, agbábọ́ọ̀lù Bradford tí òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn jọ ń jẹ́ O'Rourke, sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú Jimmy Lawrence, aṣọ́lé Newcastle, sì kúrò lára bọ́ọ̀lù lọ sára ẹni tó ń bọ̀ wá kọlù ú. Kó tó yí ojú padà, ó ti wọlé. Ọmọ Glasgow ni Lawrence náà! Nígbà yẹn, kò sóhun tó burú kí ènìyàn ti aṣọ́lé àti bọ́ọ̀lù pọ̀ sínú àwọ̀n, nítorí náà kò sí aṣọ́lé tó lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí O'Rourke.

Àmì ayò kan yẹn ni gbogbo rẹ̀. Newcastle kọlù wọ́n títí, ṣùgbọ́n Bob Torrance, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì yìí láti dúró láàárín ẹ̀yìn, kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Bradford City kò tíì gba ife náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì gba ife ńlá mìíràn. Ní 2013 wọ́n dé àṣekágbá Ife Líìgì, Swansea sì fún wọn ní márùn-ún. Ẹ wá rí i bí àmì ayò ọkùnrin kan ṣe lè bọ́ ìlú kan ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Kí wá ni wọ́n ń san fún ẹni tó ṣe é? Láti 1901, òfin ti dé e mọ́lẹ̀ ní Ìnglándì pé agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ gbà ju £4 lọ lọ́sẹ̀. Ní 1910 ni wọ́n tó gbà kí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè gùn ún dé £5. Mi ò ní pè é ní ìyà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ní Govan kò sì ní rí i láé. Ohun tó ń bí mi nínú ni apá kejì òfin náà. Bí o bá ti tọwọ́ bọ̀wé fún ẹgbẹ́ kan, àwọn ló ni orúkọ rẹ. Nígbà tí sáà bá parí, tí àdéhùn rẹ bá pé, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró, kò sí ẹgbẹ́ líìgì mìíràn tó lè mú ọ, kódà bí o kò bá gbá fún wọn mọ́, kódà bí wọn kò bá san kọ́bọ̀ fún ọ. Oníṣẹ́ igi tó bá bínú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lè gba òdìkejì títì lọ. Balógun tó gba ife FA kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbìyànjú láti já okùn yìí. Ní ìparí 1907, àwọn agbábọ́ọ̀lù dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Manchester. Evelyn Lintott, olùkọ́ ilé ìwé tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ìnglándì, tí òun àti Speirs jọ wà ní Bradford City, ṣe alága ẹgbẹ́ náà. Ní 1912 wọ́n ti agbábọ́ọ̀lù kan, Herbert Kingaby, lẹ́yìn lọ sí ilé ẹjọ́, ó pe Aston Villa lẹ́jọ́ pé òfin ìdádúró yìí ti sé òun mọ́ kúrò nínú iṣẹ́ oúnjẹ òun. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, owó ẹjọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́ wọn. Ọdún yẹn kan náà, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, ni Bradford City gba £1,400 lórí Speirs.

Ní Leeds, Herbert Chapman ni ọ̀gá rẹ̀, Chapman yẹn náà tó padà sọ Huddersfield di olórí líìgì, tó sì gbé Arsenal dìde. Ìpele kejì ni Leeds City wà, wọ́n sì ń fẹ́ gòkè. Ní sáà 1913 sí 1914 wọ́n ṣe ipò kẹrin. Speirs àti Billy McLeod ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó ku díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbẹ̀yìn ẹgbẹ́ yẹn síbí kí n má bàa gbàgbé. Lẹ́yìn ogun, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1919, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ti san owó tí òfin kò gbà láyè fún àwọn tó gbá fún wọn lásìkò ogun, wọ́n kọ̀ láti kó ìwé owó wọn sílẹ̀, wọ́n sì lé wọn kúrò nínú líìgì nígbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn, wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn sí gbàǹjo ní Hotel Metropole ní Leeds. Gbàǹjo gan-an, bí wọ́n ṣe ń ta ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè. McLeod lọ sí Notts County ní £1,250. Speirs kò sí láyé mọ́ láti tà.

Ogun ti bẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914. Líìgì kò dúró, ó tẹ̀síwájú di oṣù Kẹrin ọdún 1915, ìwé ìròyìn sì ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù pé ọkùnrin tó lágbára láti sáré lórí pápá lágbára láti gbébọn. Èébú yẹn kò tọ́ lójú mi. Àwọn tó ń gun ẹṣin sáré ìje, àwọn tó ń wo wọ́n, kò sẹ́ni tó bú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí bú. Nígbà tí sáà parí, owó oṣù parí pẹ̀lú rẹ̀, torí pé wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbá nígbà ogun yóò gbá lọ́fẹ̀ẹ́.

Speirs padà sí Glasgow. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1915, ó forúkọ sílẹ̀ nínú Cameron Highlanders, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Skọ́tílándì tó ń wọ kilt, yẹ̀rì ìbílẹ̀ wọn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ní ìyàwó, Bessie, ó sì ní ọmọ méjì. Kò sí òfin tó fipá mú un. Oṣù Kìíní ọdún 1916 ni òfin ìfipámúni wọ ogun jáde, àwọn àpọ́n ló sì kọ́kọ́ kàn; ó di oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kó tó kan àwọn tó ti gbéyàwó. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fi èyí yìn ín. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀, àmọ́ mi ò lè yìn ín láìronú kan ẹni tó wà nílé. Ká ní ó dúró, òfin ìbá bá a nílé lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n ọdún kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ó dé ilẹ̀ Faransé ní 1916, ó sì fara gbọgbẹ́ lọ́dún yẹn. Ó tún padà sínú yàrà. Lẹ́yìn ìjà tó wáyé ní Arras ní 1917 wọ́n fún un ní Military Medal nítorí akin rẹ̀, ó sì di sájẹ́ǹtì. Wọ́n fún un láyè, ó lọ rí àwọn ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn lọ sí Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí ìjà ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Òjò kò dá ní oṣù Kẹjọ yẹn. Ọta ńlá ti fọ́ gbogbo ojú ìṣàn omi, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, àwọn kòtò tí ọta gbẹ́ kún fún omi, ẹni tó fara gbọgbẹ́ a máa rì sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Speirs kú sí, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1917, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Lintott ti ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1916, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìjà Somme ní ilẹ̀ Faransé. Torrance tó dúró bí odi ní Old Trafford kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1918. Ní 2003, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ ife FA tí Speirs gbà ní 1911 lọ sí gbàǹjo, ó sì mú owó tó lé ní £26,000 wá.

Dochy Farm, nítòsí Ypres, ni ibojì Speirs wà, ibi ìsìnkú tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n sin káàkiri oko jọ. Àwọn tó lé ní 1,400 ló wà níbẹ̀, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò sí orúkọ lórí òkúta wọn. Orúkọ Speirs wà lórí tirẹ̀. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló ń rí sí i, wọ́n ń gé koríko rẹ̀, wọ́n ń fọ òkúta rẹ̀.

Nínú ogun yẹn kan náà, ní ọdún 1917 kan náà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń bá Jámánì jà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn tí àwọn míì ti jà ní Kamẹrúùnù. Àwọn aláàárù tó ń ru ọta àti oúnjẹ tẹ̀ lé wọn, àìsàn sì pa wọ́n ju ìbọn lọ. Ní 2021, àjọ ibojì yìí jẹ́wọ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá àwọn ọmọ Áfíríkà tó kú ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Mo ti mọ iye tí wọ́n ra Speirs, ọjọ́ tó wọ iṣẹ́ ogun, ìṣẹ́jú tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bí ìtàn bá wà nínú ilé yín pé bàbá ńlá kan lọ ru ẹrù fún òyìnbó nígbà ogun Kamẹrúùnù, tàbí pé ó wọkọ̀ ojú omi lọ kò sì padà, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ àbísọ àti oríkì, agbo ilé tó ti jáde, àti ẹni tó jọ bá lọ.